Ìdí Kóńgò: Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Ìkórajọ Ilé-Iṣẹ́

Bí ènìyàn bá wọ ọjà láti ra gàrí, tí ojú rẹ̀ sì là, kì í ṣe iye owó ni ó ń kọ́kọ́ béèrè. Ìdí kóńgò ni ó ń wò. Àwọn oníṣòwò kan a máa lu ìdí kóńgò wọlé kí gàrí tí yóò gbà lè dín. Àwọn mìíràn a máa bù ú títí yóò fi ga lórí bí òkìtì. Kóńgò ni wọ́n jọ ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ sínú àpò oníbàárà kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń wọn ìkórajọ ilé-iṣẹ́ rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìdí tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì yẹ ìdí náà wò yóò gbé ohun tí kò rà lọ sílé.

Ẹ̀yin olùwòran wa, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ dà bí èyí tí ó rọrùn: báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé iṣẹ́ kan kóra jọ sí ibì kan ju bí ó ti yẹ lọ? Kì í ṣe ìbéèrè àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Lórí ìdáhùn rẹ̀ ni ìjọba máa ń dúró nígbà tí ó bá ń pinnu ìlú tí iná mànàmáná yóò kọ́kọ́ dé, ọ̀nà tí a óò ṣe, àti ibi tí a óò ti dín owó orí kù fún ẹni tí ó bá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá parọ́, owó ìlú yóò gba ibi tí kò yẹ lọ, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kan yóò sì máa rìn kiri láìríṣẹ́ nítorí pé ìwé sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn.

Kí á tó dé orí òṣùwọ̀n, ó dára kí á mọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Pé kí àwọn oníṣẹ́ kan náà máa gbé ojú kan kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó ń wá aṣọ òkè mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó ń wá àdìrẹ mọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ń wá igbá fínfín mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ni yóò forí lé. Alfred Marshall, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ohun tí ó ń fa irú èyí nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé, tí ó jáde ní 1890. Bí a bá fi àlàyé rẹ̀ wé ti Ìsẹ́yìn, kò ṣòro láti lóye. Ọ̀gá tí ó ń wá ahunṣọ yóò rí i níbẹ̀ láìrin ìrìn àjò. Ahunṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ kò níṣẹ́ mọ́ yóò rí ọ̀gá mìíràn ní agbo ilé kejì. Ẹni tí ń ta òwú àti ẹni tí ń gbẹ́ ọ̀kọ̀ ìhunṣọ yóò sún mọ́ ibi tí oníbàárà wọn pọ̀ sí. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà pàápàá kò ṣeé fi pamọ́: ọmọ tí a bí sí agbo ilé ahunṣọ ti mọ ìró òfì kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìkórajọ kì í ju nǹkan kékeré lọ. Ní 1895, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Catherine Evans, ní agbègbè Dalton ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ṣe aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tí òwú rẹ̀ yọ sókè, ó sì fi í ta ẹni tí ń ṣègbéyàwó lọ́rẹ. Àwọn tí ó rí i fẹ́ irú rẹ̀. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè ká lọ, ó sì kọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n iṣẹ́ kan náà ṣe kápẹ́ẹ̀tì, Dalton ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olówò ti wà nílẹ̀, Dalton náà ni ó sì di ìlú kápẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. Paul Krugman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, gbé ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1991 láti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilẹ̀ tàbí omi ń yan ibi tí iṣẹ́ yóò gbé gbilẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, tí P. Sargant Florence àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di mímọ̀, ni èyí tí ń fi ìpín ìlú wé ìpín orílẹ̀-èdè. Kí á gbà pé òṣìṣẹ́ 1,000,000 ni ó wà ní orílẹ̀-èdè kan, tí 50,000 nínú wọn jẹ́ ahunṣọ. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí ìlú kan níbẹ̀ bá ní òṣìṣẹ́ 10,000, tí 2,000 nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Bí a bá fi 5 pín 20, a óò rí 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ aṣọ híhun jinlẹ̀ ní ìlú yẹn ní ìlọ́po mẹ́rin bí ó ti jinlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Bí ó bá jẹ́ 1 ni a rí, ìlú náà kò yàtọ̀ sí ìyókù.

Òṣùwọ̀n yìí rọrùn, ó sì wúlò fún alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ìlú rẹ̀ fi ta àwọn yòókù yọ. Àrùn rẹ̀ ni pé kò mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá. Abúlé tí ó ní òṣìṣẹ́ 20, tí 10 nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, yóò gba 10 lórí òṣùwọ̀n kan náà, ìyẹn ni pé yóò borí ìlú tí ó ní ahunṣọ 2,000. Kò sì sí ẹni tí yóò gbé ilé-ẹ̀kọ́ ìhunṣọ lọ sí abúlé náà nítorí ènìyàn mẹ́wàá. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ aṣọ àti iṣẹ́ bàtà, èwo ni ó kóra jọ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, kò lè fèsì.

Fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ wá ohun tí yóò kó gbogbo ìlú sínú iye kan ṣoṣo. Albert Hirschman lo ọ̀kan ní 1945 nígbà tí ó ń ṣèwádìí òwò láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Orris Herfindahl lo irú rẹ̀ ní 1950 fún ilé-iṣẹ́ irin Amẹ́ríkà. Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò mú ìpín ìlú kọ̀ọ̀kan, a óò sọ ọ́ di púpọ̀ ní iye ara rẹ̀, a óò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ìpínlẹ̀ mẹ́ta bá pín iṣẹ́ kan ní ìdá 50, 30 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún, a óò rí 0.25, 0.09 àti 0.04, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 0.38. Bí ìpínlẹ̀ kan bá kó gbogbo rẹ̀, 1 ni. Bí mẹ́wàá bá pín in dọ́gba, 0.1 ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kò béèrè bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn pọ̀ sí yóò ní búrẹ́dì púpọ̀, yóò ní télọ̀ púpọ̀, yóò ní gbogbo nǹkan púpọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkórajọ iṣẹ́ kan. Ìkórajọ ọmọ ènìyàn ni.

Edgar Hoover ti rí ìṣòro yìí ní 1936, nígbà tí ó ń wá bí a ó ṣe wọn bí iṣẹ́ ti fìdí kalẹ̀ sójú kan ní Amẹ́ríkà. Ó mú ìlà tí Lorenz kọ́kọ́ yà ní 1905 láti fi wọn bí ọrọ̀ ti pín láàrin ènìyàn, ó sì lò ó fún ilẹ̀. A óò to àwọn ìpínlẹ̀ láti orí èyí tí iṣẹ́ náà tín-ín-rín jù lọ títí dé orí èyí tí ó nípọn jù lọ, a óò máa fi ìpín wọn nínú iṣẹ́ náà wé ìpín wọn nínú gbogbo iṣẹ́. Bí méjèèjì bá ń dọ́gba, ìlà náà yóò lọ tààrà. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò tẹ̀ bí ọrun. Bí ó bá ti tẹ̀ tó ni ìkórajọ ti pọ̀ tó. Iye tí Corrado Gini, ará Ítálì, gbé jáde ní 1912 ń fi bí ọrun náà ti tẹ̀ tó hàn, láti orí òdo títí dé 1. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Gini ni gbogbo ayé fi ń ṣe kóńgò.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Nàìjíríà tí ó fi ìdí kóńgò yìí hàn ju gbogbo àlàyé lọ. Láàrin 1975 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́fà ni ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè jọ dá sílẹ̀ láti máa to ọkọ̀ pọ̀. Ti Peugeot wà ní Kàdúná, ti Volkswagen wà ní Èkó, ti Leyland wà ní Ìbàdàn, ti Mercedes-Benz wà ní Enugu, ti Steyr wà ní Bauchi, ti Fiat sì wà ní Kánò. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, kò sì sí èyí tí ó ní méjì nínú wọn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé wọn kò kóra jọ rárá. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé àgbà kan ń pín ẹran nídìí ọdún, tí kò fẹ́ kí ojúlé kankan sọ pé wọ́n yan òun jẹ.

Nísinsìnyí, kí á gbé Gini lé wọn lórí. Kí ìṣirò má baà le jù, kí á ṣe bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, àti pé ìpínlẹ̀ 19 náà dọ́gba nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yòókù. Òótọ́ ni pé wọn kò dọ́gba, nítorí Èkó ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. A óò padà sórí ìyẹn. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlá kò ní nǹkan kan. Gini yóò fún wa ní 0.68. Akọ̀wé tí ó bá rí 0.68 láìrí àwòrán ilẹ̀ yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé àwọn olùto-ọkọ̀ ti kóra jọ gidigidi, kí ìjọba tètè tú wọn ká. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bí a ṣe lè tú nǹkan mẹ́fà ká ju kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ó fà á ni pé nǹkan mẹ́fà kò lè wà ní ibi mọ́kàndínlógún. Bó ti wù kí a pín wọn tó, mẹ́tàlá yóò ṣófo, Gini yóò sì ka òfo yẹn sí ìkórajọ. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Nàìjíríà di 21 ní 1987, wọ́n di 30 ní 1991, wọ́n sì di 36 ní 1996. Bí a bá tún ìṣirò yẹn ṣe pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 36, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kankan ṣí kúrò lójú kan, 0.68 yóò di 0.83. Kálámù àwọn tí ó pín ilẹ̀ ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Glenn Ellison àti Edward Glaeser, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó gbá ìṣòro yìí mú. Wọ́n ní kí á fojú inú wo ẹni tí ó di ojú, tí ó ń sọ ọfà kéékèèké sára pátákó tí a ya àwòrán ilẹ̀ sí. Bí ọfà rẹ̀ kò bá pọ̀, ibi tí wọn yóò bà kò lè pọ̀. Ìyẹn kò sì sọ pé ó fojú sun ibì kan. Àpẹẹrẹ wọn ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilé: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ni ó wà nínú ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin péré. Ìbá jẹ́ pé kò sí ohun tí ó fà wọ́n síra rárá, ìpínlẹ̀ tí yóò gba àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò lè ju mẹ́rin lọ. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí á béèrè ni pé: ṣé ìkórajọ tí a rí ju èyí tí afọ́jú ìbá dá sílẹ̀ lọ?

Ìlànà wọn kò ju ohun tí ẹni tí ó ní sùúrù lè fi pẹ́ńsù ṣe lọ. Ìpín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ni a óò mú, a óò yọ ìpín rẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, a óò sọ èyí tí ó kù di púpọ̀ ní iye ara rẹ̀, a óò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún ọkọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ 19, a óò rí 0.114. A óò pín in pẹ̀lú iye tí ó bá kù nígbà tí a bá yọ àròpọ̀ ìpín àwọn ìpínlẹ̀, lẹ́yìn tí a ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní iye ara rẹ̀, kúrò nínú 1. Ìyẹn jẹ́ 0.947, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 0.120. Ibi tí ọgbọ́n wọn wà nìyí: wọ́n lo òṣùwọ̀n Herfindahl fún àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn, kì í ṣe fún àwọn ìpínlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tí ó dọ́gba ń fúnni ní 0.167. Bí a bá yọ 0.167 kúrò nínú 0.120, ó ti wọ ìsàlẹ̀ òdo. A óò pín in pẹ̀lú 0.833 tí ó kù nínú 1, yóò sì di 0.056 ní ìsàlẹ̀ òdo. Òdo túmọ̀ sí pé afọ́jú ló sọ ọfà. Ìsàlẹ̀ òdo túmọ̀ sí pé ọfà fọ́n ká ju ti afọ́jú lọ. Bí a bá tún un ṣe pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 36, yóò jẹ́ 0.029 ní ìsàlẹ̀ òdo. Iye ti yí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò yí padà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí á yára gbé adé lé e lórí. Bí a bá sọ ọfà mẹ́fà láìwòye sára ìpínlẹ̀ 19 tí ó dọ́gba, nǹkan bí ìgbà 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ba ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fúnra wọn. Èyí pọ̀ tó láti mú kí ènìyàn ṣe pẹ̀lẹ́ kí ó tó sọ pé ọwọ́ kan ni ó pín wọn. Ṣùgbọ́n níbí ni Èkó ti padà wọlé. Bí a bá ṣe bí ẹni pé Èkó nìkan ni ó gba ìdajì gbogbo pátákó náà, bóyá ni ìgbà 11 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fi bọ́ sí i pé Èkó kò gba ju ọfà kan lọ nínú mẹ́fà, ká má tilẹ̀ tíì sọ pé kí àwọn yòókù má bá ara wọn pàdé. Èyí fi hàn pé kókó ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí a fi iṣẹ́ kan wé. Ẹni tí ó fi wé ilẹ̀ yóò rí ohun kan. Ẹni tí ó fi wé iye ènìyàn yóò rí òmíràn. Ẹni tí ó fi wé iye òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yòókù yóò rí ẹ̀kẹta.

Nígbà tí Ellison àti Glaeser gbé òṣùwọ̀n wọn lé oríṣi iṣẹ́ 459 ní Amẹ́ríkà, 446 nínú wọn ni ó ga ju òdo lọ. Ìkórajọ wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kéré: wọ́n ka ohun tí kò tó 0.02 sí ìkórajọ díẹ̀, wọ́n sì ka ohun tí ó ju 0.05 lọ sí ìkórajọ ńlá. Iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìlú Dalton, sún mọ́ 0.4. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí òṣùwọ̀n tuntun yìí pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, òun ni ti ààlà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Abẹ́ Ìbàdàn ni Ìkẹjà wà nígbà náà, kì í ṣe abẹ́ Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú àpapọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, Ìkẹjà bọ́ sínú ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí ẹ̀rọ kan tí a tú, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó kó ẹrù. Síbẹ̀, nínú ìwé oníṣirò, odindi agbègbè ilé-iṣẹ́ ṣí kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ kan. Ní 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọ̀tà àti Agbára wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Èkó. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Sángo kọjá ní ìdájí mọ̀ pé àwọn kan ń sun Èkó, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ògùn, àwọn mìíràn sì ń sun Ògùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọjà tí a ṣe ní Agbára ń wọ Èkó lọ lójoojúmọ́. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ lójú awakọ̀ akẹ́rù. Lójú òṣùwọ̀n tí ń ka ìpínlẹ̀, méjì ni.

Òṣùwọ̀n tí ń ka ìpínlẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó jẹ́ aládùúgbò ẹni. Bí a bá gbé ìpín Ògùn nínú iṣẹ́ kan fún Sókótó, tí a sì gbé ti Sókótó fún Ògùn, òṣùwọ̀n Hirschman kò ní yí padà pẹ̀lú ohun tí ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Kò mọ̀ pé Ògùn fi ara ti Èkó, àti pé Sókótó jìnnà réré. Stan Openshaw, onímọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kékeré kan ní 1984 tí ó fi hàn bí èsì ìṣirò ti ń yí padà kìkì nítorí bí a ti gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tàbí bí a ti so ó pọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí Gilles Duranton àti Henry Overman gbà ní 2005 ni pé kí á pa ààlà tì pátápátá. Wọ́n mú ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, wọ́n sì wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí èkejì tó, ní méjìméjì. Ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ń bí ìwọ̀n 15. Ilé-iṣẹ́ 1,000 ń bí 499,500, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ pẹ́ńsù mọ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín àwọn ilé-iṣẹ́ náà láìwòye, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, sórí àwọn ibi tí ilé-iṣẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀, láti mọ ohun tí afọ́jú ìbá ṣe. Nínú oríṣi iṣẹ́ 234, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kóra jọ ní tòótọ́, ìkórajọ náà sì wọ́pọ̀ jù lọ láàrin ibi tí kò jìnnà síra ju 50 kìlómítà lọ. Láti Ìkẹjà dé Ọ̀tà, tàbí láti èbúté Àpápá dé Agbára, kò tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ìbá rí wọn bí awakọ̀ akẹ́rù ti ń rí wọn.

Ohun tí ó wọ́n nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ tí ó ń béèrè. Ó fẹ́ mọ ojú ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Ti Ellison àti Glaeser fẹ́ mọ bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, ohun tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà kí ọ́fíìsì ìṣirò tú síta. Gini kò béèrè ju àpapọ̀ ìpínlẹ̀ lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń padà sí ilé ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ẹni tí ó bá ní àpapọ̀ ìpínlẹ̀ nìkan lọ́wọ́ lè lò ó, bí ó bá ti fi iye ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀ bóyá mẹ́fà ni tàbí ẹgbẹ̀ta, tí kò sì fi ọdún tí ìpínlẹ̀ jẹ́ 19 wé ọdún tí wọ́n jẹ́ 36. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan ń fa iṣẹ́ mìíràn mọ́ra kò gbọdọ̀ dúró lórí Gini nìkan.

Kódà òṣùwọ̀n tí ó péye jù kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi kóra jọ. Sìmẹ́ńtì ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Ewékorò, ó wà ní Ṣàgámù, ìpínlẹ̀ Ògùn ni méjèèjì. Òkúta ẹfun ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Òkúta ẹfun wúwo, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò máa fi ọkọ̀ kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí ó lè gbé ẹ̀rọ tọ̀ ọ́ lọ. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò gbé orí òkúta kankan. Lórí ìwé, méjèèjì lè gba iye kan náà, Ellison àti Glaeser fúnra wọn sì sọ ọ́ gbangba pé òṣùwọ̀n àwọn kò lè ya ohun tí ilẹ̀ fúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí oníṣẹ́ ń rí gbà lára oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá dín owó orí kù kí sìmẹ́ńtì lè kóra jọ sí ibi tí kò sí òkúta ẹfun ti da omi sínú agbọ̀n.

Ó ku ohun tí a ń kà gan-an. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni a ń kà, ilé-iṣẹ́ ọtí tí ẹ̀rọ ń ṣe gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ohun kékeré. Bí ó bá jẹ́ iye owó ọjà ni, yóò dà bí òkè. Èyí tí ó sì burú jù fún ilẹ̀ Yorùbá ni ti àwọn tí a kò kà rárá. Nínú ìwádìí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sókè ni wọ́n ń kà. Ọ̀gá ahunṣọ tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́rin kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí ń rẹ aró ní Ìtòkú pẹ̀lú ìyá àti àbúrò rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, Ìsẹ́yìn lè jáde gẹ́gẹ́ bí ìlú tí kò ní iṣẹ́ aṣọ kankan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ṣoṣo ní ìlú mìíràn yóò kó gbogbo orúkọ. Kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè wọn ohun tí kò bọ́ sínú rẹ̀. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn akọ̀wé ni a óò kọ́kọ́ rán lọ sí agbo ilé dé agbo ilé, kí wọ́n lọ ka òfì.